Ẹnu Tó Kọ́kọ́ Kan Ìkòkò

Iyọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ku ọjọ́ méje kí àjọ̀dún oúnjẹ àti wáìnì àdúgbò wáyé. Ọ̀sán gangan ni, ilé oúnjẹ Ìyá Tọ́wò kún fọ́fọ́, àwọn káfíńtà jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó, télọ̀ tó máa ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé náà wà níbẹ̀. Bí télọ̀ ṣe fi ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu báyìí, ló bá tu gbogbo rẹ̀ padà sínú àwo.

"Ìyá Tọ́wò, kí la ṣe yín? Ṣé iyọ̀ lẹ fẹ́ fi sin wá láàyè ni?"

Àwọn káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Tọ́wò náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á pààrọ̀ rẹ̀, ó sì sáré wọ ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, bó ṣe ń ṣe láti ọdún méjìlélógún tó ti ń sè é tà, ó lá a. Ó gbóná. Ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ó ṣí agolo iyọ̀, ó bu ẹ̀kún ṣíbí kan, ó dà á sẹ́nu. Ó ń rún wàràwàrà láàárín eyín rẹ̀ bí yanrìn, kò sì ní ìtọ́wò kankan.

Ó gbójú sókè. Àwọn eṣinṣin tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́ ti tò sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, bí ogún, bí ọgbọ̀n. Gbogbo wọn kọjú sí ìkòkò, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó bà lé e.

*

Ní òpópónà wọn, lọ́jọ́ àjọ̀dún yìí, wọn á dí ojú ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan á sì gbé tábìlì kan síta. Ẹnì kan nínú ilé náà á se oúnjẹ tí àwọn ìyá wọn ń sè kí ayé tó di ayé inú agolo, ẹnì kan á bu wáìnì tí wọ́n fi èso ṣe nílé. Tábìlì kan ni fún ilé kan. Ẹni tí kò bá lè sè mọ́ á gbé e fún ẹlòmíràn nínú ẹbí, kò sì ní gbà á padà láéláé. Òfin kejì sì wà. Ọdún kan báyìí ni inú run èèyàn mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àdúgbò ká. Láti ìgbà náà, kí àlejò kankan tó fẹnu kan nǹkan, alásè á fún ẹni tó ń bu wáìnì ní ṣíbí àkọ́kọ́, ẹni tó ń bu wáìnì á fún alásè ní ife àkọ́kọ́, lójú gbogbo èèyàn.

Ìyá ọkọ Ìyá Tọ́wò ló ni tábìlì ilé wọn fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ìyá náà ń kú lọ, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló pè sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. "Ìwọ lo ní ahọ́n," ló wí, "ìwọ ni kó o máa sè é." Ojú ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló ti sọ ọ́, tìyẹn gbé omi dání tó fẹ́ fún un mu. Àwọn òkú máa ń ṣe báyẹn, wọn á sọ tiwọn, wọn á lọ, wọn á fi ìjà sílẹ̀ fún alààyè.

Ọmọ náà ni Ìyá Tọ́wò ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí ó ti wà nílé kí òun tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì lè là á lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú. Ó ku àwọn obìnrin mẹ́ta nínú ilé: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lódì kejì ògiri àgbàlá pẹ̀lú àwọn àgbá wáìnì rẹ̀, Ìyá Tọ́wò lódì kìíní pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, àti Tọ́wò, ọmọ ogún ọdún, tí àdúgbò sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí láti ìgbà tó ti ń rákò ló ti ń sọ fún gbogbo olóúnjẹ pé "ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò." Lọ́dún tó ń bọ̀, Tọ́wò ni ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé tábìlì fún. Bí òun bá sọ ọ́ nù lọ́dún yìí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kàn, ó sì parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí Ìyá Tọ́wò kò fi lè ké síta.

*

Lọ́jọ́ kejì, ata lọ. Lọ́jọ́ kẹta, adùn tẹ̀lé e. Oyin wá ń yọ̀ lórí ahọ́n rẹ̀ bí òróró lásán. Dókítà tan iná sí i lẹ́nu, ó ní kó sọ "áà," ó sọ "áà," dókítà ní ahọ́n yìí pupa dáadáa, kó lọ sinmi. Sinmi kẹ̀?

Tọ́wò nìkan ló sọ fún. Ọmọ náà gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ta ló kọ́ mi? Ẹ̀yin náà ni. Ẹ máa sè é, èmi á máa tọ́ ọ wò. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ o. O gbọ́? Ẹnikẹ́ni."

"Màmá, ẹ̀yin àti ìgbéraga yín. Mo gbọ́."

Bó ṣe di pé wọ́n ń sè é ní méjì nìyẹn. Tọ́wò á kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, á tọ́ ọ wò, á sì fi ìka sọ̀rọ̀: ìka kan, iyọ̀, ìka méjì, omi, bó bá di ẹ̀ṣẹ́, ó ti tó. Kì í gbàgbé. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìkòkò dé iwájú àlejò láìtọ́ ọ wò, ó sì ti gbá a létí rí nítorí ìkòkò ẹ̀wà kan.

Lọ́jọ́ kẹrin, òórùn náà lọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí Tọ́wò lọ ra àlùbọ́sà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ẹnu ọ̀nà àgbàlá wọlé tòun ti ife lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá jókòó."

"Mi ò jókòó. Wáìnì tọdún yìí ni mo ní kó o bá mi tọ́ wò, kí n mọ̀ bóyá á bá ọbẹ̀ rẹ mu."

Ìyá Tọ́wò gbà á. Omi inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó mu ún, ó lọ tútù lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó ń wá ohun tó máa sọ.

"Ó dùn," ló wí. "Ó dùn gan-an. Ó ju ti èṣí lọ."

"Ó dùn?"

"Ó dùn, ẹ kú iṣẹ́."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó títí. Ó gba ife padà, ó rọra da èyí tó kù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bá tirẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ dágbére. Kò pẹ́ tí Tọ́wò dé. Kó tó gbé àlùbọ́sà kalẹ̀ ló ti fọwọ́ bo imú.

"Màmá, ta ló da ọtí kíkan síbí? Ó ń ta mí lójú."

Ìyá Tọ́wò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dán òun wò.

*

Lódì kejì ògiri, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá àgbá mọ́ra. Àgbá mẹ́fà ló wà níbẹ̀, márùn-ún ni wáìnì wà nínú wọn. Nínú ìkẹfà ni ṣíbí onígi tí Ìyá Tọ́wò fi ń kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ wà, èyí tó wá títí lóṣù tó kọjá tó sì gbà pé ajá ló gbé e. Obìnrin olóògùn tó dì í fún un ti kìlọ̀ pé kó má ṣí i títí àjọ̀dún á fi kọjá. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá ṣí i. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà kò béèrè.

Ó fi etí lé ara àgbá náà. Nǹkan ń dún nínú rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń lá ìdí àwo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dún lẹ́ẹ̀kan ó dákẹ́. Lónìí kò dákẹ́ rárá. Ó yẹ àgbá márùn-ún yòókù wò, ó rí i pé wáìnì inú wọn ti lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ìdérí wọn wà lójú rẹ̀.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin," ló sọ fún àgbá náà. "Ọjọ́ mẹ́rin péré."

*

Ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn apẹran ni ọkùnrin tó ń pọ́n ọ̀bẹ jókòó sí. Bàbá Olókùúta ni wọ́n ń pè é, nítorí òkúta ńlá tó ń fi ẹsẹ̀ yí, wọ́n sì ní ó mọ oògùn ju bó ṣe mọ ọ̀bẹ lọ. Gbogbo alásè ló ń lọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa fura sí alásè tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ìyá Tọ́wò mú mẹ́ta dání. Ó kó wọn kalẹ̀, ó sì sọ ohun tó dé bá ahọ́n rẹ̀ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ sì ń wò kiri.

"Ẹ yọ ahọ́n," bàbá náà wí.

Ó yọ ọ́. Bàbá mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, ó fi ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ rẹ̀ lé ahọ́n náà, ó rọra ka ení dé ẹ̀ta, ó gbé e. Irin tó ń dán yìnrìn ti dípẹtà láti ẹnu dé ìdajì. Ó jù ú sínú garawa bí ẹni pé ó gbóná.

"Àìsàn kọ́. Wọ́n gbé e lọ ni."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á padà."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á padà. Mi ò ní tàn yín. Bí wọ́n ṣe ń san án fún ẹni tó ṣe é ni mo mọ̀."

Ibi yìí ni ì bá ti dìde, kó kó ọ̀bẹ rẹ̀, kó máa lọ sílé. Ọmọ wà nílé tó ní ahọ́n tó péye, wọ́n ti ń sè é ní méjì, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀. Àmọ́ ife ọtí kíkan yẹn kò kúrò lójú rẹ̀, bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe rọra dà á sílẹ̀ bí ẹni ń da omi ẹsẹ̀. Ó jókòó.

Bàbá Olókùúta wá nǹkan nínú àpò títí, ó sì mú ìdì kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò ọwọ́ lọ jáde.

"Lẹ́yìn iyọ̀ ìkẹyìn, ẹ dà á sínú ìkòkò, kẹ́ ẹ dé e. Ẹnu tó bá kọ́kọ́ kàn án ló ni ín. Ahọ́n ẹni náà á kú. Kò ní tọ́ nǹkan wò mọ́, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ẹnu kan yẹn, oúnjẹ lásán ni, kí gbogbo ayé máa jẹ ẹ́."

"Ẹni tí mò ń wí ló máa kọ́kọ́ kàn án. Òfin àdúgbò wa ni."

Bàbá dá òkúta dúró. "Ta ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò nílé yín?"

Apẹran kan ń gé egungun nítòsí, àmọ́ kì í ṣe nítorí tirẹ̀ ni kò fi sọ òótọ́. Bí wọn ò bá tiẹ̀ sí lójú ọjà, bó bá jẹ́ inú ihò ni wọ́n wà, ẹnu Ìyá Tọ́wò kò lè sọ ọ́. Alásè kan kì í fẹnu ara rẹ̀ wí pé ẹlòmíràn ló ń bá òun tọ́ ọbẹ̀ òun wò. Ó rọrùn fún un kó sọ pé òun jalè.

"Èmi ni."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

"Bàbá, alásè ni mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tiyín ti kú tẹ́lẹ̀, oògùn kò ní rí nǹkan pa níbẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí òkúta rẹ̀. Iná ń fò lára ọ̀bẹ.

*

Ọjọ́ àjọ̀dún, oòrùn mú. Tábìlì tò láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin, aṣọ funfun lórí wọn, ife ń tàn, èéfín ẹran bo gbogbo ilé. Wọ́n ní àgbà alásè òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ń bọ̀ wá tọ́ oúnjẹ wò, pé ó ń wá ọ̀dọ́ kan tí òun máa kọ́ níṣẹ́. Tọ́wò ti wọ aṣọ tuntun láti àárọ̀, ó ní kì í ṣe nítorí ìyẹn. Àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró sídìí àgbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn. Òun àti Ìyá Tọ́wò kí ara wọn bí àwọn èèyàn tó fẹ́ràn ara wọn.

Ìkòkò egungun màlúù ti wà lórí iná láti ìdájí, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sè é, tí ọ̀rá á fi yọ́ tán sínú àlùbọ́sà. Nígbà tó kù díẹ̀, Ìyá Tọ́wò rán ọmọ rẹ̀ wọlé.

"Lọ nu àwọn àwo tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo wọn. Má jáde títí n óò fi pè ọ́."

"Gbogbo wọn? Màmá, mo ti nù wọ́n láàárọ̀."

"Tún wọn nù."

Ó fi iyọ̀ ìkẹyìn sí i, ó wòtún wòsì, ó sì tú ìdì náà sínú ìkòkò. Ìyẹ̀fun dúdú náà yí po lẹ́ẹ̀kan lójú ọbẹ̀, ó rì. Ó dé e. Ló bá gbọ́ ohùn Alága àdúgbò nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: kí gbogbo alásè bọ́ síwájú, kí wọ́n wá kí àlejò pàtàkì, ẹni tí kò bá wá, wọn ò ní tọ́ tirẹ̀ wò. Ó wo ilẹ̀kùn ilé, ó wà ní títì. Ó wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyẹn ń já ewé kúrò lára èso. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ó lọ.

Nígbà tó padà, Tọ́wò ti dúró sídìí ìkòkò. Ìdérí wà lójú rẹ̀, agolo iyọ̀ sì wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó rí ìyá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀, níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè rí i, ó sì di ẹ̀ṣẹ́.

Ìyá Tọ́wò di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"O tọ́ ọ wò?"

Tọ́wò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu láti ṣàlàyé, láti sọ pé òun gbọ́ tí wọ́n ń pe àwọn alásè, òun yọjú, òun rí agolo iyọ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀, òun sì rántí télọ̀ ọjọ́sí, òun ò lè jẹ́ kí ojú ti Màmá lónìí. Èyí ni ìyá rẹ̀ fetí inú gbọ́. Èémí lásán ló jáde lẹ́nu ọmọ náà, háà, bí atẹ́gùn láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó pa ẹnu dé, ó tún un là. Ó fi ìka kan ahọ́n ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Tábìlì keje!" Alága ti dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú àlejò rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn. "Ìyá Tọ́wò, ẹ fi hàn wọ́n. Ṣíbí àkọ́kọ́!"

Kí ló máa ṣe? Ó bu ú. Ó nà án sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ ẹ́, ó di ojú, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Ìyá mi," ló wí, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, gbogbo òpópónà ló gbọ́. "Ìyá mi gan-an ló se èyí."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi ife sí Ìyá Tọ́wò lọ́wọ́, ó mu ún. Àgbà alásè tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, ó tún tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ta ló tún iyọ̀ yìí ṣe?"

"Ọmọ mi ni," Ìyá Tọ́wò dáhùn.

"Ọmọ, súnmọ́ mi. Sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Tọ́wò súnmọ́ ọn. Ó la ẹnu. Gbogbo èèyàn dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojú ń tì í, ẹ fi í sílẹ̀, ojú ń ti ọmọ yìí.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Tọ́wò fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn ìsọ̀ apẹran. Bàbá Olókùúta wo ọmọ náà, kò tiẹ̀ mú ọ̀bẹ kankan.

"Mo bi yín," ló wí.

"Bàbá, ẹ tú u. Ẹ gba tèmi. Ẹ gba ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́."

"Kí ni mo fẹ́ gbà? Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì." Ó kó àpò rẹ̀, ó ń palẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n padà lọ lọ́jọ́ kejì, òkúta nìkan ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá. Kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó fi ṣíbí onígi sórí tábìlì, ó ti dúdú, nǹkan sì ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Ìyàwó wa, ọdún yìí nìkan ni mo fẹ́. Kí n dúró níbi tí ìyá mi dúró sí lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ti gbèrò láti ṣí àgbá tí mo fi ṣíbí yìí sí bí àjọ̀dún bá ti kọjá, mo sì ti ṣí i. Tìẹ á padà." Ó wo Tọ́wò tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. "Àmọ́ mi ò fọwọ́ kan ọmọ. Mo fi ìyá mi búra. Ìyàwó wa, kí ló ṣe ọmọ wa?"

Ìyá Tọ́wò gbé ṣíbí náà kúrò lórí tábìlì.

Ahọ́n Ìyá Tọ́wò padà lóòótọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, iyọ̀ dé. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dé, ata, oyin, òórùn àlùbọ́sà, ó sì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń gbìyànjú láti má jẹun mọ́, ebi sì ń pa á.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Tọ́wò gbé ìwé kan àti bíírò wá sí ilé ìdáná, ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Kí lẹ fi sínú ìkòkò?

"Iyọ̀ ni," Ìyá Tọ́wò wí. "Iyọ̀ nìkan ni, ọmọ mi."

Tọ́wò wò ó. Ó fa ìwé náà padà, ó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sábẹ́ ti àkọ́kọ́, kò yára: Mo tọ́ ọ wò, Màmá.

Ó rọra fi bíírò náà sórí tábìlì, ó dìde, ó sì wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò kọ nǹkan kan sí ìyá rẹ̀ mọ́.